Lẹ́yìn “Ọlọ́run Má Jẹ̀ẹ́”

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí gbólóhùn kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àdúrà ni, kò sì sí ọjọ́ kan tí a kì í gbọ́ ọ ní Ìkòròdú, láti Ògólońtò títí dé Ìmọ́tà, lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, lẹ́nu ọmọ iléèwé, lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ Márúwá: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Ibi tí a máa ń lò ó sí ló ń dùn mí. Ọ̀dọ́ kan yóò lanu pé ayé ti sú òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò fi àdúrà yẹn dá a lóhùn kíá, bí ẹni ń pa ilẹ̀kùn dé kí òjò má baà fọ́n wọlé. Àdúrà náà dára. Ilẹ̀kùn tó ń bá a pa dé ni mo ń bá jà.

Tí ohun tí a ń bẹ̀rù bá wá ṣẹlẹ̀, tí ọ̀dọ́ náà pa ara rẹ̀, gbogbo àdúgbò á ní àwọn ò rí àmì kankan. A ó pa òwe fún ara wa pé gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òótọ́ lòwe náà, àmọ́ a ti sọ ọ́ di àwíjàre. Aláǹgbá kò lè fèsì tí a bá bi í léèrè. Ọ̀rẹ́ wa lè fèsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó ń kú ọwọ́ ara wọn lọ́dún kan lágbàáyé lé ní 720,000, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ni ìkẹta nínú ohun tó ń pa èèyàn jù. Ọjọ́ orí àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

## Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá níwájú ilé tẹ́tẹ́

Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin méjì níwájú ilé tẹ́tẹ́ kan ní Agric, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan ń wo fóònù. Èkejì ò wo nǹkan kan. Ó ní, “Bọ̀bọ́, ó ti sú mi o. Tí mi ò bá sí mọ́, ṣe ni gbogbo yín á sinmi.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbójú sókè. “Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ jàre.” Èyí àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mò ń ṣeré ni.” Ni wọ́n bá padà sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ ohun púpọ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ń dán ilẹ̀ wò, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ omi ọ̀sà ní Ẹ̀bútè kí ó tó mọ̀ bóyá ó jìn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ òun lè gba ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọ̀rẹ́ kò burú. Ẹ̀rù ló bà á, ẹnu rẹ̀ sì yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tí ẹnì kejì gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ níbí. Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la máa ń rín. Nítorí náà, “mò ń ṣeré ni” kò tó ohun tí a fi ń pa fáìlì dé.

Ohun méjì ló ń dì wá lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé a kì í fẹnu pe ibi. Ìkejì ni ìbẹ̀rù pé tí a bá béèrè, a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn. Àwọn olùwádìí ti yẹ èyí wò lọ́pọ̀ ìgbà ní oríṣiríṣi ilẹ̀, wọn ò sì rí i pé bíbéèrè ń gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Èyí tí wọ́n sábà máa ń rí ni pé ara máa ń fúyẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí a bi, torí ẹrù tó ti ń dá gbé láti ọjọ́ yìí, ẹlòmíràn ti rí i.

Ẹ gba àdúrà náà, kí ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ da fóònù yín bolẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, kí ẹ sì gbé e padà síwájú rẹ̀: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àmọ́ gbọ́ mi ná. O ní tí o ò bá sí mọ́, gbogbo wa á sinmi. Ṣé ò ń ronú láti pa ara rẹ ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, láìfi ewé bò ó. “Ṣé kò sí nǹkan o?” kò tó, torí “kò sí nǹkan” ni ẹ ó gbọ́. “O ò kúkú ń ro ìròkurò, àbí?” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti sọ èsì tí ẹ fẹ́ gbọ́. Tí ẹ bá ti béèrè, ẹ dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá nínú yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń gùn lára ẹni tó béèrè, àmọ́ inú rẹ̀ ni ẹnì kejì ti ń wá ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi “ronú ìyá rẹ”, “ọ̀run àpáàdì ń bẹ” tàbí “àwọn kan ò rí jẹ rárá” dí àyè yẹn ti tún pa ilẹ̀kùn dé lẹ́ẹ̀kejì.

## Òwe kan tó yẹ ká tún yẹ̀ wò

“Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.” A máa ń pa á láìronú, níwájú ọmọ tí ẹ̀sín ti ń lé kiri. Mi ò bínú sí àwọn àgbà tó pa á. Iyì àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń jẹ́ ẹ̀sín fún ọmọ ogún ọdún ní Ìkòròdú lónìí: áàpù ayánilówó tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ pé olè ni, ẹni tó ní fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ lọ́wọ́ tó ń fi gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, owó iléèwé tó bá tẹ́tẹ́ lọ, oyún, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù tán tí òun ò sì rówó tirẹ̀ san. Kò sí èyí tí kò ní ọ̀nà àbáyọ nínú wọn. Òru ọjọ́ tí ẹ̀sín náà bá gbóná jù ni ọ̀nà náà kì í hàn sí ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. JAMB gbé èsì jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìpínlẹ̀ Èkó rí máàkì tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, JAMB fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, pé àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìlà oòrùn gúúsù ló máa tún ìdánwò náà ṣe. Ohun tó jọ ìdájọ́ àìyípadà lọ́jọ́ Ẹtì ti di àṣìṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Kò sí ohun kan ṣoṣo tó ń pa èèyàn báyìí, kò sì yẹ ká máa sọ pé “ìdánwò ló pa á” tàbí “obìnrin ló pa á”. Ohun púpọ̀ ló máa ń ṣù jọ, tí ọ̀kan tó dé kẹ́yìn yóò wá gbá a ṣubú. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá lè bá a gba ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan lè yí padà nínú ọjọ́ díẹ̀ náà.

## Ohun tí ojú lè rí

Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni ìyípadà. Ọmọ tó ti jẹ́ dákẹ́dákẹ́ láti kékeré kò ní àìsàn torí pé ó dákẹ́. Ẹni tó máa ń pariwo jù nínú gúrúùpù WhatsApp yín tó wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni kí ẹ wá lọ. Ẹ wo oorun: ṣé agogo mẹ́ta òru ló ń fi sítátọ́ọ̀sì sókè lójoojúmọ́, àbí ọ̀sán gangan ló ń sùn tí kò lè dìde? Ẹ wo oúnjẹ, ìwẹ̀, irun tí kò dì mọ́. Lára àwọn ọkùnrin, ìbànújẹ́ sábà máa ń wọ aṣọ ìbínú: ìjà lórí ohun tí kò tó nǹkan, ọtí tó pọ̀ sí i, ọ̀kadà tó ń sá bí ẹni tí ikú ń pè. Àwa a ní ó ti ya ìpáǹle, a ò sì ní bi í ní nǹkan kan.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu. “Mo ti di ẹrù sí yín lọ́rùn.” “Mo kàn fẹ́ lọ sinmi ni.” “Ẹ ò ní rí mi mọ́ láìpẹ́.” “Kí ni mo tiẹ̀ ń ṣe láyé?” Nínú gbogbo wọn, ti ẹrù yẹn ló máa ń já mi láyà jù. Ẹni tó bá ti gbà pé òun ń ni àwọn èèyàn òun lára ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ikú sí oore tí òun fẹ́ ṣe fún wọn, ẹ ò sì lè fi “ronú àwọn òbí rẹ” yí i lọ́kàn padà, torí àwọn gan-an ló rò pé òun ń rò.

Àmì kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀dọ́ tó ti ń sunkún láti oṣù méjì yóò ṣàdédé fara balẹ̀. Yóò san gbèsè kékeré tó jẹ, yóò fún ẹnì kan ní bàtà tó fẹ́ràn jù, yóò fi àṣírí káàdì ATM rẹ̀ han àbúrò, yóò pe ẹni tí wọ́n ti jà láti ọdún kẹta kó lè tọrọ àforíjì. Inú gbogbo ilé á dùn pé àdúrà ti gbà. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ń yá lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti pinnu ni, tí ìjà inú rẹ̀ fi dáwọ́ dúró. Ẹ ò lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ìbéèrè yẹn náà ni kí ẹ tún bi í, lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá sì ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ẹ má gbàgbé, kódà bó ti pẹ́. Nínú gbogbo ohun tí àwọn oníṣègùn ń wò, ìgbìyànjú àtẹ̀yìnwá wà lára èyí tó wúwo jù. Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe é, irọ́ ni.

## Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ má pariwo. Ẹ ní, “Ó ṣeun tí o sọ fún mi.” Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ṣé ó ti mọ bó ṣe fẹ́ ṣe é? Ṣé ohun tó fẹ́ lò wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó? Ṣé ó ti mú ọjọ́? Bí èrò náà bá kàn ń wá tó ń lọ, láìsí ètò, àyè wà láti wá dókítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹnì kan sì máa bá a sùn. Bí ètò àti ohun èlò bá ti wà, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà kó ní òun kàn fẹ́ lọ wẹ̀ kí òun máa bọ̀.

Ẹ mú ohun èlò náà jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń gba ẹ̀mí là jù. Ìgbì tó le jù nínú èrò yìí kì í pẹ́: wákàtí díẹ̀ ni, ìgbà mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ohun tó fẹ́ lò nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ìgbì náà yóò kọjá, kò sì ní lọ wá òmíràn. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè Sri Lanka fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó burú jù, iye àwọn tó ń kú ọwọ́ ara wọn níbẹ̀ já wálẹ̀ ju ìlàjì lọ. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni NAFDAC fi fòfin de títa ọ̀kan nínú oògùn apakòkòrò ilé ní ìgò kéékèèké lọ́dún 2019. Ilé ẹni tó ń ṣe oko ní ìhà Ìmọ́tà tàbí tó ń sin adìẹ ní Òdógunyàn lè kún fún irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àgbàlagbà inú ilé kó kó o jáde, òun àti oògùn tí dókítà kọ fún màmá àgbà. Kí wọ́n má kàn gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n gbé e kúrò nílé.

Ó lè ní, “Búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Ẹ má búra. Ẹ ní, “Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ kiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè gbé e. Ta ni ká jọ sọ fún?” Jíjẹ́ kó yan ẹni náà máa ń mú kó gbà. Kò pọn dandan kó jẹ́ bàbá. Lọ́pọ̀ ilé, àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti kúrò nílé ló máa ń mọ bí a ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí láìlọgun.

Tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ni, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ tààrà: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò wá fẹjọ́ sùn. Ara ọmọ yín ò yá. Ó sọ fún mi pé ó ń ṣe òun bíi kí òun pa ara òun, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká jọ mú un lọ sílé ìwòsàn lónìí.” “Ara ò yá” ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá dárúkọ orí tàbí wèrè, ìjà ìdílé lẹ ó máa parí dípò kí ẹ wá ọkọ̀.

## Jẹ́nẹ́rà, Yábàá, àti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá

Fún pàjáwìrì, General Hospital Ìkòròdú tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́nẹ́rà ni ìbẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ má gbìyànjú láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Mile 12 kọjá pẹ̀lú ẹni tó wà nínú ewu. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 àti 112, ọ̀fẹ́ ni ìpè rẹ̀. Tí ẹ bá pè, ẹ dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù àti ilé ìjọsìn tàbí iléèwé tó sún mọ́ yín, torí nọ́ńbà ilé nìkan kì í tó wọn láti rí yín ní àdúgbò wa.

Bí ó bá ti gbé nǹkan mì, kíákíá ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì: ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì dá kún ewu. Ẹ mú ike tàbí páálí ohun tó mu dání fún dókítà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹ lè sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ torí ọlọ́pàá. Òótọ́ ni pé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ la ẹ̀wọ̀n ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òfin ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, àṣẹ tí adájọ́ yóò pa ni pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá kì í ṣe ìdí láti fi ọmọ yín pamọ́ sínú yàrá.

Tí pàjáwìrì bá ti rọlẹ̀, dókítà ọpọlọ ló kù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ti wà láti 1907, ẹ̀ka rẹ̀ ní Òṣòdì sì ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Láti Ìkòròdú, BRT tó ń lọ sí TBS yóò já yín sí Fádéyìí. Ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ẹgbẹ́ SURPIN tó ń ṣiṣẹ́ ìdènà ìpara-ẹni fìdí sí. Àwọn tó wà ní Òdógunyàn sókè lè rí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní Ṣágámù bí ibi tó sún mọ́ wọn jù. Mo mọ̀ pé “Yábà Lẹ́fìtì” jẹ́ èébú lẹ́nu wa. Ó yẹ ká gbé èébú náà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò dé ibẹ̀ nítorí rẹ̀.

Pásítọ̀ tàbí àlùfáà lè bá a gbàdúrà, ó sì lè gbé ọkàn rẹ̀ ró. Àmọ́ ẹni tí kò tíì sùn, tí kò tíì jẹun, kò yẹ fún ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ nà án tàbí dè é. Kí ẹnikẹ́ni má sì já oògùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, àti pé fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 25, àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn gan-an ló yẹ ká ṣọ́ wọn jù. Bí oògùn náà bá ń ṣe é sódì, dókítà ni kí ẹ padà sí. Òun ló lè sọ bí wọn yóò ṣe dín in kù.

## Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti padà sílé

Ọjọ́ tó bá kúrò nílé ìwòsàn ni àlejò máa ń dáwọ́ dúró, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì wà lára ìgbà tó léwu jù. Ẹ má dá a gbé. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ lè pín in: ẹnì kan á máa sùn tì í ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á máa bá a lọ síbi àdéhùn dókítà, ẹnì kan á máa pè é lálẹ́. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí ẹ jọ kọ ọ́ sínú ìwé: àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú lára rẹ̀, ohun tó máa ń mú ọkàn rẹ̀ rọ̀, orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè pè, ilé ìwòsàn tó máa sáré lọ. Kó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, torí orí kì í rántí nǹkan lọ́jọ́ ìjì.

Ní San Francisco, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Jerome Motto àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ fún ọdún márùn-ún sí àwọn kan tó ti kúrò nílé ìwòsàn tí wọn ò fẹ́ ìtọ́jú mọ́. Lẹ́tà náà kò bèèrè nǹkan kan. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn tó kú ọwọ́ ara wọn láàárín àwọn tó ń gba lẹ́tà kéré sí ti àwọn tí kò gbà.

Ẹ̀yin ní WhatsApp lọ́wọ́. Ẹ máà fi fídíò ìwàásù ránṣẹ́, ẹ máà bi í bóyá ó ti lo oògùn. Ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ bí kò ṣe ẹ̀yin: “Mo kọjá ní Sábó lẹ́ẹ̀kan, mo rí ìyá oníbọ̀ọ̀lì wa, mo rántí ẹ. Kò pọn dandan kí o fèsì.”